Ẹ má fi ọ̀dà bo ilé tí ẹ fẹ́ tà

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn. Lẹ́tà kan tí ẹ gbé jáde láìpẹ́ yìí lórí ilé títà ló mú mi gbé bírò. Ẹni tó kọ ọ́ gba àwọn tó fẹ́ ta ilé nímọ̀ràn pé kí wọ́n yára wá pẹ́ńtà, kí wọ́n kun ilé tinú-tòde, kí wọ́n fi POP sí àjà, pé bẹ́ẹ̀ ni owó ilé ṣe ń gbé pẹ́ẹ́lí. Èmi ni pẹ́ńtà tó ní kí wọ́n lọ wá yẹn. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi ní Mọlété ni mo ti kọ́ iṣẹ́ ọ̀dà nígbà tí mo ṣì kéré, òun ni mo fi ń jẹun, òun ni mo fi rán àwọn ọmọ mi nílé ìwé. Bí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ta ilé n'Ìbàdàn bá pè mí wá kùn ún, èmi ni yóò jèrè rẹ̀. Síbẹ̀, ìmọ̀ràn yẹn kò tọ́. Àwọn tó ń pè wá pé ká wá fi ọ̀dà bo ilé kí oníbàárà tó dé ti pọ̀ jù, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn mí.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé iṣẹ́ tèmi ló yẹ kó gbẹ̀yìn. Bí ilé bá ń jò, bí ìwé ilé kò bá pé, bí ọmọ ìyá àti ọmọ bàbá kò bá tíì fẹnu kò, ìnáwó lásán ni ọ̀dà tí ẹ bá rà. Nígbà míì gan-an, ọ̀dà yẹn ló máa ń dá ìjà sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ara ògiri, torí ibẹ̀ ni ojú mi ti là jù. Púpọ̀ nínú àwọn ilé àtijọ́ tí wọ́n ń tà ní ìgboro, láti Òkè-Àdó dé Òkè-Bọ́lá, láti Bẹẹrẹ dé Mápó àti Ọjà'ba, ilé alámọ̀ ni wọ́n. Wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ lójú, wọ́n sì kùn ún lé e, débi pé ẹni tí kò mọ̀ á rò pé búlọ́ọ̀kù ni. Ògiri bẹ́ẹ̀ máa ń fa omi láti inú ilẹ̀. Kò sóhun tó burú níbẹ̀ bí omi náà bá ráyè gba ojú ògiri jáde tí atẹ́gùn sì gbé e lọ. Ṣùgbọ́n bí onílé bá ní kí n fi gilọ́ọ̀sì, ọ̀dà olóròóró, kùn ún nítorí pé ó ń dán, omi kò ní í ráyè jáde mọ́. Ẹ̀yìn ọ̀dà ni yóò máa gbé. Kí òjò ọdún kan tó parí, ọ̀dà á wú, á máa bó, sìmẹ́ńtì tó wà lábẹ́ rẹ̀ á sì máa jábọ́ tẹ̀ lé e.

Tí mo bá wọ ilé tí wọ́n ní kí n wá kùn, n kì í kọ́kọ́ wo àwọ̀. Ìdí sikirépà, irin tí a fi ń ha ọ̀dà, ni mo fi máa ń kan ògiri káàkiri, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ibi tó bá dún kó-kó, sìmẹ́ńtì ibẹ̀ ṣì di amọ̀ mú. Ibi tó bá dún gbò-gbò, ó ti ṣí kúrò lára amọ̀, afẹ́fẹ́ ló wà láàárín wọn. Lẹ́yìn náà ni màá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, màá fi ìka ra ìsàlẹ̀ ògiri, níbi tí kò ju orókún lọ. Bí nǹkan funfun tó lúbúlúbú bá lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, iyọ̀ inú ilẹ̀ ni. Omi ló gbé e gòkè, omi lọ, ó fi iyọ̀ sílẹ̀. Kò sí ọ̀dà kan ní ọjà tó máa ń dúró lórí iyọ̀ yẹn. Ẹ lè ra èyí tó wọ́n jù, ẹ lè kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta, yóò bó.

Ohun tó yẹ kí onílé ṣe ni kó wá orísun omi náà. Ó lè jẹ́ pé gọ́tà ti kún, omi òjò sì ń dúró sí ìdí ilé. Ó lè jẹ́ pé bálùwẹ̀ ló wà lẹ́yìn ògiri, tí páìpù ibẹ̀ ń kán. Ó lè jẹ́ pé páànù kò yọ jáde tó, tí omi ń ta sí ògiri lára ní gbogbo ìgbà tí òjò bá rọ̀. Bíríkìlà á kọ́kọ́ wú èyí tó ti ṣí kúrò, ògiri á gbẹ dáadáa, wọ́n á wá rẹ́ ẹ tuntun. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ náà gbọ́dọ̀ tó ọjọ́ 28 kí búrọ́ọ̀ṣì tó kàn án. Àwọn onílé kì í fẹ́ gbọ́ ọjọ́ 28 yìí. Wọ́n á ní oníbàárà ń bọ̀ ní Sátidé. Kí oníbàárà ọ̀hún wá bá ògiri tí kò tíì kùn, kí ẹ sì fi ibi tí ẹ tún ṣe hàn án, ó sàn ju kó bá èyí tó ń dán lóde tí omi wà nínú rẹ̀.

Ilé ìdáná tún ni ibi tí wọ́n ti máa ń fẹ́ kí a sáré. Èéfín igi àti sítóòfù kẹrosíìnì ti mu ògiri ibẹ̀ láti ọdún gbọọrọ. Bí a bá kun ẹmọ́ṣọ̀n, ọ̀dà olómi, tó funfun lé e láìfọ̀ ọ́, kí ilẹ̀ tó mọ́, èéfín á ti gba inú ọ̀dà yọ ní pípọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ọṣẹ, omi gbígbóná àti kànìnkànìn ni iṣẹ́ ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ìdáná tí mo ti bá fọ̀ báyìí, nígbà tó gbẹ, onílé fúnra rẹ̀ ló ní kò nílò ọ̀dà mọ́.

Nǹkan méjì kan wà tí mo fẹ́ kí àwọn onílé àti àwọn pẹ́ńtà ẹlẹgbẹ́ mi ṣọ́ra fún, torí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Òjé wà nínú ọ̀pọ̀ gilọ́ọ̀sì àtijọ́ tó wà lára ilẹ̀kùn àti fèrèsé, pàápàá nínú àwọn ilé tó ti pẹ́. Bí a bá fi sáńpépà ha á ní gbígbẹ, eruku rẹ̀ ń wọlé sínú ara, àwọn ọmọdé ló sì ń ṣe ní jàǹbá jù, ọpọlọ wọn ló ń bà jẹ́. Ẹ fi omi rin ín kí ẹ tó ha á, ẹ gbá ohun tó já bọ́ jọ pẹ̀lú àkísà tútù, kí ẹ má jẹ́ kí ọmọdé wà nítòsí. Èkejì ni asbẹ́stọ́ọ̀sì tó wà lórí ilé àti ní àjà àwọn ilé Bódìjà àtijọ́ àti àwọn ilé iṣẹ́ ọba. Bí ó bá wà ní odidi láìfọ́, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì sọ fún ẹni tó fẹ́ rà á. Mo ti rí ibi tí àwọn ọmọṣẹ́ ti ń fi òòlù fọ́ ọ láti fi POP rọ́pò rẹ̀ kí ilé lè dà bíi tuntun, tí gbogbo wọn funfun láti orí dé ẹsẹ̀, tí ẹnikẹ́ni wọn kò fi nǹkan bo imú. Eruku yẹn máa ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, kì í jáde mọ́. Àrùn rẹ̀ sì lè pẹ́ títí, ó lè tó ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó tó fara hàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti màmá kan ní apá Fẹlẹlẹ. Ọmọ wọn tó wà lókè òkun fẹ́ kí wọ́n ta ilé, kí wọ́n kó lọ sí ibi tó kéré. Wọ́n pè mí nígbà ọyẹ́. Bí a ṣe wọ pálọ̀, wọ́n na ọwọ́ sókè sí àjà. Àmì pupa-rẹ́súrẹ́sú kan wà níbẹ̀, ó fẹ̀ tó ojú àtẹ, ó ní etí dúdú yíká.

Wọ́n ní, "Pẹ́ńtà, ibẹ̀ yẹn ni kí ẹ bá mi bò. Ajẹ́ńtì ní kò gbọdọ̀ hàn rárá. Wọ́n ní tí ẹ bá kọ́kọ́ fi gilọ́ọ̀sì tọ́ ọ kí ẹ tó kun ẹmọ́ṣọ̀n, kò ní í yọ."

Mo ní, "Màmá, òótọ́ ni, kò ní í yọ. Títí di ìgbà òjò ni. Ta ni yóò wà nínú ilé yìí nígbà òjò?"

Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹni tó bá rà á ni."

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí a kọ́kọ́ pe kápẹ́ńtà. Kápẹ́ńtà gun òkè. Ohun tó bá níbẹ̀ kò tó nǹkan: rọ́bà abẹ́ orí ìṣó ti gbó, ó ti kán dànù, omi sì ń gba ihò ìṣó wọlé, ó ń tẹ̀ lé igi rọra bọ̀ títí dé orí àjà. Páànù kan ló ti dípẹtà tó fi yẹ ká pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n sì pààrọ̀ ìṣó ìlà náà. Owó tí kápẹ́ńtà gbà kò tó èyí tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún ọ̀dà pálọ̀ nìkan. Màmá fi páànù tó ti dípẹtà yẹn sí ẹ̀yìnkùlé, nígbà tí oníbàárà dé, wọ́n fi hàn án, wọ́n sì fi ibi tí wọ́n tún ṣe hàn án. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, mò ń kun ẹnu ọ̀nà lọ́wọ́. Ọkùnrin náà ò sọ̀rọ̀ nípa àmì àjà mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ìwé.

Ìwé yìí gan-an ni ibi tí ọ̀pọ̀ ilé máa ń há sí, kì í ṣe ọ̀dà. Mo ti kun ilé fún àwọn agbẹjọ́rò, mo sì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu wọn débi pé mo lè sọ ọ́. Òfin Lílo Ilẹ̀ tí ìjọba gbé jáde lọ́dún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Nítorí náà, ẹni tó bá ní C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni, tó sì fẹ́ ta ilé fún ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ gba ìfọwọ́sí gómìnà kí títà náà tó fìdí múlẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ń rí sí ilẹ̀ ní Sẹkitéríàtì ní Agodi ni wọ́n ti ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ ilé ìgboro ni kò ní C of O rárá. Rìsíìtì tí bàbá gbà lọ́wọ́ onílẹ̀ ló wà nínú àpótí, tí ikán ti jẹ etí rẹ̀, orúkọ bàbá tó ti di olóògbé ló sì wà lórí rẹ̀. Kí ẹ tó ra rọ́bà ọ̀dà kan, ẹ wá rìsíìtì yẹn. Ẹ pe sọfíyọ̀ tó ní ìwé àṣẹ kó wá wọn ilẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ìgbà ni ògiri tí a rò pé tiwa ni ti wọ ilẹ̀ aládùúgbò, tàbí kí ti aládùúgbò ti wọ tiwa. Bí ẹni tó ni ilé bá ti kú tí kò sì ṣe ìwé ìhágún, ẹ lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga kí wọ́n fún àwọn tó ń bójú tó ogún ní ìwé àṣẹ. Gbogbo èyí ń gba àkókò ju ọ̀dà lọ. Òun ló fi yẹ kó ṣáájú.

Ti ẹbí wá ńkọ́? Olóòtú, ibí ni ọkàn mi wà jù.

Láfikún sí ọ̀dà, mo tún máa ń kọ lẹ́tà sára ògiri. Gbogbo wa tí a ń gbé Ìbàdàn la mọ ọ̀kan nínú àwọn lẹ́tà yẹn: "Ilé yìí kì í ṣe títà, ẹ ṣọ́ra fún gbájúẹ̀." Pupa ni wọ́n sábà máa ń fẹ́ kí a fi kọ ọ́, kó fẹ̀, kó hàn láti títì. Ní Òkè-Àdó, ẹ̀gbọ́n kan pè mí pé kí n wá kun ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bàbá wọn. Wọ́n ní oníbàárà ti wà nílẹ̀. Èmi àti àwọn ọmọṣẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ láti òkè. A ti kun iwájú ilé tán, àwọ̀ ọmọ-àgbàdo, ó mọ́ lójú gan-an, a wá ń kun ẹ̀gbẹ́, nígbà tí ìyá kan sọ̀ kalẹ̀ láti inú takisí. Ó dúró sí ìsàlẹ̀ àkàbà. Kò pariwo. Ó ní, "Pẹ́ńtà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ilé bàbá tèmi náà nìyí. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé wọ́n fẹ́ tà á."

Ọmọ ìyàwó kejì ni. Àbúrò ẹ̀gbọ́n tó pè mí ni, ọmọ bàbá kan náà. Ẹnu ẹni tó ń kọjá lọ ló ti gbọ́ pé wọ́n ti ń kun ilé bàbá wọn, ó sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Wọn ì bá ti pe ìpàdé kí wọ́n tó gbé àkàbà ti ògiri. Àwọn ọmọ ìyá tirẹ̀ ránṣẹ́ sí mi nígbà tó yá pé kí n padà wá kọ lẹ́tà pupa sí iwájú ilé náà. Mo kọ̀, mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n wọn. Wọ́n wá ẹlòmíràn, ẹni yẹn sì kọ ọ́. Ilé náà ṣì wà níbẹ̀ dòní. Wọn kò rí i tà, wọn kò sì rí i gbé. Páànù ẹ̀yìn ti ṣí.

Agbẹjọ́rò tí mo bi léèrè ṣàlàyé rẹ̀ fún mi báyìí. Bí bàbá bá kú láìṣe ìwé ìhágún, lábẹ́ àṣà wa, ilé rẹ̀ di ti gbogbo ọmọ, ilé ẹbí ni. Bí ọmọ kan bá dá a tà láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, títà yẹn kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ rárá. Bí olórí ẹbí bá tà á tí kò jẹ́ kí àwọn àgbà tó ń ṣojú ìdí-igi kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan, mọ̀, tí wọn kò sì fọwọ́ sí i, wọ́n lè gba kóòtù lọ kí wọ́n sì yí títà náà padà. Ẹ wo bí ó ṣe rọrùn tó: ẹ kó ara yín jọ. Ẹ ránṣẹ́ pe ẹni tó wà ní Èkó, ẹ fi fóònù pe ẹni tó wà ní Ìlú Ọba. Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹnu kò sí sílẹ̀, kí gbogbo yín fọwọ́ sí i, kí ẹ sọ iye tí ẹ fẹ́ tà á àti bí ẹ ṣe máa pín in. Má gbàgbé àwọn obìnrin. Mo ń sọ ọ́ torí mo ti rí i: àwọn ọmọbìnrin ni wọ́n sábà máa ń fò dá nínú ìpàdé bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọmọ bàbá ni àwọn náà.

Ọ̀rọ̀ sàréè náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwa ará Ìbàdàn kì í gbé àgbà lọ sin síbi tó jìnnà, inú ilé tàbí iwájú ilé la ti máa ń sin wọ́n. Mo ti dé ilé kan tí wọ́n ti fẹ́ fi táìlì bo sàréè bàbá wọn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ wá rà á má baà mọ̀. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ra ilé yẹn, ọjọ́ tó bá ń gbẹ́ ilẹ̀ láti fi páìpù sí i ni yóò kan egungun. Ẹ sọ fún un kí ó tó sanwó. Bí ẹbí bá fẹ́ kó òkú náà lọ sí itẹ́ òkú, kí wọ́n bá agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀ kí wọ́n sì gba àṣẹ tó yẹ. Bí wọ́n bá fẹ́ kó wà níbẹ̀, kí ó wọ inú ìwé àdéhùn, pé ẹbí láǹfààní láti wá bẹ ojú oórì wò. Àwọn kan wà tó ń ra ilé bẹ́ẹ̀ tí kò sì dà wọ́n láàmú, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti mọ̀.

Bákan náà ni ti omi odò. Àwọn tó dàgbà nínú ìlú yìí kò lè gbàgbé ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ, ọdún 1980, tí odò Ògùnpa ya wọ ilé, tó sì gbé ènìyàn lọ. Àwọn ọ̀dọ́ òde òní mọ ti àkúnya omi ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ, ọdún 2011. Nínú àwọn ilé tó wà létí odò, ìlà kan máa ń wà lára ògiri níbi tí omi ti gùn dé. Mo ti ha ọ̀dà kúrò lára ògiri tí ìlà náà sì yọ síta lábẹ́ ọ̀dà tí ẹlòmíràn ti kùn bò ó. Ẹni tí yóò tọ́ ọmọ sínú ilé bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti rí ìlà yẹn.

Ti ayálégbé kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí ilé ṣófo kí ẹ tó tà á, ẹ tètè fún wọn ní ìwé pé kí wọ́n kó jáde. Ẹni tó ń sanwó lọ́dọọdún, oṣù mẹ́fà ni òfin fún un bí àdéhùn yín kò bá sọ nǹkan mìíràn. Ẹni tó ń san lóṣooṣù, oṣù kan. Bí kò bá jáde nígbà náà, ìwé ọjọ́ méje ló kàn, lẹ́yìn náà kóòtù. Ẹ má ṣí páànù lé wọn lórí. Ẹ sì san gbèsè iná, kí ẹ tọ́jú rìsíìtì rẹ̀ síbi tí oníbàárà á ti rí i.

Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má tún ilé rẹ̀ ṣe. Ẹ gbá a. Ẹ kó àwọn àlòkù ẹrù tó ti ń gbé yàrá ẹ̀yìn láti ìgbà ìwáṣẹ̀ jáde, kí ènìyàn lè rí igun ògiri. Ẹ ṣí fèrèsé kí atẹ́gùn wọlé. Ẹ gé koríko, ẹ kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà, ẹ fọ gíláàsì, ẹ fi epo sí ìdè ilẹ̀kùn tó ń han. Ẹ ro ilẹ̀ ẹnu kànga, ẹ wá ìdérí fún un. Ilẹ̀kùn tí kò tì dáadáa, ẹ pe kápẹ́ńtà. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, bí owó bá ṣẹ́kù, tí ògiri sì ti gbẹ, ẹ wá pè mí, màá kùn ún, màá sì ṣe é dáadáa. Àwọ̀ tí kò le ni mo máa ń yàn fún ilé títà, torí ẹni tó bá rà á á fẹ́ kun àwọ̀ tó wù ú. Ní ilé alámọ̀, ẹmọ́ṣọ̀n olómi nìkan ni mò ń lò lára ògiri ìta, kì í ṣe gilọ́ọ̀sì.

Sí ẹ̀yin pẹ́ńtà ẹlẹgbẹ́ mi, mo mọ̀ pé iṣẹ́ wọ́n lóde, mo sì mọ iye tí rọ́bà ọ̀dà lítà 20 ti dà báyìí. Ṣùgbọ́n bí onílé bá ní kí ẹ fi gilọ́ọ̀sì bo ibi tó ń jò, ẹ bi í pé ṣé kápẹ́ńtà ti gun òkè. Bí ẹ bá rí i pé ìjà ẹbí wà nílẹ̀, ẹ má gbé àkàbà. Nígbà tí nǹkan bá dàrú, ẹ̀yin ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ rí lórí rẹ̀.

Sí ẹ̀yin ajẹ́ńtì: ẹ̀yin lẹ ń sọ fún àwọn ìyá àgbà pé àmì kò gbọdọ̀ hàn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa béèrè ìwé àti àwọn ọmọ ẹbí lọ́wọ́ onílé kí ẹ tó béèrè ọ̀dà.

Sí ẹni tó fẹ́ ra ilé ní ìlú yìí, bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ má sanwó tán ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn láìtíì rí ilé náà nígbà òjò. Ẹ wá nígbà tí òjò ńlá bá ń rọ̀ lọ́wọ́, ẹ dúró nínú pálọ̀ fún wákàtí kan, kí ẹ gbójú sókè. Onílé tí ọkàn rẹ̀ bá mọ́ á gbé àga fún yín.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ìwé ìròyìn yín ni pé, yàtọ̀ sí lẹ́tà wa, kí ẹ wá agbẹjọ́rò kan, sọfíyọ̀ kan àti bíríkìlà kan, kí wọ́n máa ṣàlàyé fún àwọn ènìyàn ní èdè Yorùbá tó yé wọn ohun tí ìwé kọ̀ọ̀kan jẹ́, ibi tí wọ́n ti ń gbà á àti bí ó ṣe ń pẹ́ tó. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí mo ń kun ilé fún ló ń ka ìwé yín lójoojúmọ́, tí wọn kò sì lè ka ìwé agbẹjọ́rò tó wà nínú àpótí wọn. Bí ẹ bá lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí oṣù Kọkànlá tó wọlé, yóò dára, torí ìgbà tí ọyẹ́ bá dé tí ògiri bá gbẹ ni wọ́n máa ń pe pẹ́ńtà jù fún ilé títà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Pẹ́ńtà kan,
Mọlété, Ìbàdàn.